Enzo Ọmọ Ọba Zama: Àgbéyẹ̀wò Eré Aurion

Ó ti di àṣà wa nínú ìwé ọdọọdún yìí láti mú ìtàn kan, kí a yẹ̀ ẹ́ wò níwá àti lẹ́yìn, kí a sọ ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó sí, kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun tí ẹ ó máa bá ara yín jiyàn lé lórí. Ìwé ni a sábà máa ń yẹ̀ wò. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìwé ni a mú wá. Eré orí kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní géèmù, orúkọ rẹ̀ sì ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan. Bọ́tìnnì ni a fi ń darí rẹ̀, ojú ẹ̀rọ ni a sì ti ń wò ó, ṣùgbọ́n ìtàn ni ó gbé e ró láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin: ìtàn ọmọ ọba kan tí wọ́n gba ìlú mọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí a fi adé dé e lórí.

A mọ̀ pé olùkọ́ mìíràn yóò ka ọ̀rọ̀ wa dé ìhín, yóò sì mi orí. Yóò ní, “Géèmù kan náà tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ni ẹ tún gbé wọ inú ìwé wa?” A kò ní bá a jà. Àwa náà ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rí lẹ́yìn tí aago ilé ẹ̀kọ́ ti dún. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé, asán ni kí onílé jókòó sí ẹnu ọ̀nà iwájú kí ó máa wí pé òun kò tíì rí ẹnìkan. Ìtàn ti gba ọ̀nà yìí wọlé tọ àwọn ọmọ wa. Ohun tí ó kù fún wa láti béèrè ni irú ìtàn tí í ṣe, ẹni tí ó pa á, àti èdè tí ó fi pa á.

Ìlú Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa ní ìhà ìlà-oòrùn, ni a ti ṣe eré yìí. Ẹni tí ó pilẹ̀ rẹ̀ ni Guillaume Olivier Madiba. Ní ọdún 2003 ni ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé e, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí kò ní ilé iṣẹ́, tí kò sì ní owó. Ọdún 10 kọjá kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣí ilé iṣẹ́ Kiro'o Games ní ọdún 2013. Inú èdè Swahili ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ ìríran ti ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 14, oṣù Épírìlì, ọdún 2016, ni eré náà jáde fún gbogbo ayé lórí Steam, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí èrò náà ti sọ sí ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin yìí títí di ọjọ́ tí àjèjì lè fi owó rà á, ọdún 13 ni. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré kí ó tó parí.

Kí ni ó fa irú ìpẹ́ bẹ́ẹ̀? Ní ilẹ̀ òyìnbó àti ní Jàpáànù, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú eré yìí lè tọ ilé iṣẹ́ ńlá kan lọ, tí yóò fi owó sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì kó èrè tirẹ̀ lẹ́yìn ọjà. Àwọn ará Yaoundé kò ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti kàn. Nítorí náà wọ́n pín ilé iṣẹ́ wọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń ta ìpín rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà wọ́n gbọ́, nílé àti lẹ́yìn odi. Nígbà tí ó di ọdún 2015, wọ́n tún gbé igbá ìdáwó kalẹ̀ lórí Kickstarter. Wọ́n béèrè 40,000 yúrò, ohun tí ó wọlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000. Ẹni tí ó bá ti bá wọn kọ́ ilé ìjọ ní abúlé rí mọ̀ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń rí: búlọ́ọ̀kù ti ọdún yìí, páànù ti ọdún tí ń bọ̀, fèrèsé ti ìgbà tí Olúwa bá pèsè. Iná mànàmáná pẹ̀lú ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà tí ayàwòrán wà lẹ́nu iṣẹ́. A kò ní ṣe àlàyé èyí fún ará Èkìtì.

Ìtàn náà nìyí. Nínú ayé kan tí a ń pè ní Auriona, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Zama. Enzo Kori-Odan ni ọmọ ọba tí ìtẹ́ tọ́ sí. Ọjọ́ tí yóò gorí ìtẹ́ ni ọjọ́ ìgbéyàwó òun àti Erine Evou. Ayọ̀ méjì ni a dì sínú ẹrù kan. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Ngarba Evou, arákùnrin ìyàwó, dìtẹ̀, tí ó gba ìlú, tí ọkọ àti aya sì di ìsáǹsá. Wọ́n wá ń rìn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ lórí Auriona, wọ́n ń wá agbára tí a ń pè ní Aurion, èyí tí í ṣe agbára gbogbo àwọn baba ńlá Enzo tí ó kó ara jọ, kí wọ́n lè padà wá gba ilé wọn.

Ẹni tí kì í ṣe ará ilẹ̀ wa lè gbọ́ èyí kí ó pe Ngarba ní ọlọ̀tẹ̀, kí ó sì kọjá lọ. Ọ̀tẹ̀ ààfin kò ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn ayé. Ṣùgbọ́n olùkàwé tí ó gbọ́ Yorùbá yóò dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà fún ohun tí Ngarba jẹ́ sí Enzo, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo ju ọlọ̀tẹ̀ lọ. Àna ni. Ní ọjọ́ ìdána, ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ará ilé ìyàwó, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á dìde, wọn á tún dọ̀bálẹ̀, títí agbo yóò fi ní ó tó. Ẹni tí ó fún ni lọ́mọ ni ó parí oore. Ọwọ́ tí ó fi ọmọ lé Enzo lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ni ó já ìlú gbà ní ọwọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀. Kì í ṣe pé ọ̀tá wá láti òkèèrè wá fọ́ odi. Ẹni tí ó yẹ kí Enzo dojú bolẹ̀ fún ni ó sọ ọ́ di aláìnílé.

Kí a sì wo Erine. Nínú gbogbo eré yìí, òun ni ẹni tí a rò pé ìtàn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Enzo ni ẹni tí a ń darí. Ọkọ rẹ̀ ń lọ wá agbára tí yóò fi ṣẹ́gun arákùnrin rẹ̀. Bí ọkọ bá ṣẹ́gun, ó ti sọ ilé baba rẹ̀ nù. Bí arákùnrin bá borí, ilé ọkọ ti tú. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó wà nínú ìjọ wa mọ irú ìdè yìí, bí kò tilẹ̀ kan adé: ẹjọ́ ilẹ̀ ni, tàbí owó tí ọkọ yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó, a sì ń pe obìnrin náà sí ààrin agbo kí ó sọ ìhà tí òun wà. Nígbà tí a rí i pé Erine yàn láti tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn, a retí pé kí eré náà gbé wa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ojú tiwa, kò ṣe bẹ́ẹ̀ tó. Ó fún un ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sọ, ó sì fi í sí ẹ̀yìn Enzo ní ojú ìjà láti máa ràn án lọ́wọ́. Olùrànlọ́wọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì ogun ní ohun tí ó ju ìrànlọ́wọ́ lọ láti ṣe nínú ìtàn, a sì gbà pé ẹni tí ó hun irú ìdè dídára bẹ́ẹ̀ ìbá tú u díẹ̀ sí i kí a rí okùn inú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yà wá lẹ́nu, bóyá nítorí pé ọmọ Èkìtì ni wá. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ìtàn ọmọ ọba tí ó fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀ bí ewé. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ní ìtàn pé ọmọ ọba tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ jáde ni ó tẹ àwọn dó. Ẹ gbọ́ bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti máa ń lọ: ọmọ ọba bínú tàbí oyè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó rìn títí ó fi dé ibi òkè tàbí odò kan, ó tẹ̀dó síbẹ̀, ó sì di ọba níbẹ̀. Kì í padà. Ìlú tuntun ni ìdáhùn rẹ̀ sí ẹni tí ó gba ti àtijọ́. Enzo kò ronú láti tẹ ìlú mìíràn dó. Zama ni ó ń fẹ́, kò sì sí ilẹ̀ tí ó wù ú láti jókòó sí nínú gbogbo àwọn tí ó là kọjá. A kò sọ pé èyí burú. Ìtàn ìpadàbọ̀ a máa dùn mọ́ ọmọ aráyé nínú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ ṣe irú eré yìí láti inú ìtàn ìlú tirẹ̀, kí ó mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà lẹ́yìn ìgbẹ̀san, àwọn baba wa sì ti fi ẹsẹ̀ là á.

Ní ti agbára àwọn baba ńlá, a ti gbọ́ tí àwọn kan ń béèrè bóyá ó yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé CMS tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, Kristẹni ni D. O. Fágúnwà tí ó kọ ọ́, olùkọ́ ni nígbà náà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew ní Ọ̀yọ́, síbẹ̀ iwin àti oògùn kún inú ìwé náà dẹ́nu. Ilé ìtẹ̀wé ìjọ mọ̀ pé ìtàn ni ìtàn ń jẹ́. Ogún ni a pe agbára inú Aurion, Enzo kì í sì í rí gbogbo rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní láti rìn, kí ó pàdé àwọn ènìyàn mìíràn, kí ó mọ ohun tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀. Ọmọ tí ó jogún oko ṣùgbọ́n tí kò mọ ààlà rẹ̀ kò tíì jogún nǹkan kan. Ibi tí a ti rí i pé eré náà sún mọ́ àwa ará ilé ẹ̀kọ́ jù nìyí, ó sì yà wá lẹ́nu pé inú géèmù ni a ti rí i.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ Fágúnwà, ẹ jẹ́ kí a fi méjèèjì wé ara wọn díẹ̀ sí i, nítorí ìrìn-àjò ni méjèèjì. Nígbà tí àwọn ọdẹ ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ sì ní ohùn tí ń rọ ọkàn. Ibi tí ọ̀kan bá dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ẹlòmíràn a bọ́ síwájú. Nígbà mìíràn orin ni ó ń là wọ́n kọjá, kì í ṣe kùmọ̀. Nínú Aurion ọ̀rọ̀ pọ̀, ìmọ̀ràn pọ̀, wọ́n sì ń sọ nípa ìṣèlú ilẹ̀ sí ilẹ̀ bí àgbà ìjòyè. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ojú ọgbọ́n, ìjà ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gígùn nípa àlàáfíà, a tún lù ara wa. A kà á sí àbùkù, kì í ṣe nítorí pé a kórìíra ìjà, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀rọ̀ tí Enzo sọ àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kò bára mu.

Ìjà náà fúnra rẹ̀ dára. Ó yára, ó mọ́ lójú, ẹni tí ó ní sùúrù a sì máa kọ́ bí a ti í pa agbára kan pọ̀ mọ́ òmíràn kí ó di ẹ̀kẹta. Ọwọ́ àwọn ará Jàpáànù hàn nínú rẹ̀ kedere, àwọn tí ó ṣe é kò sì fi pamọ́ pé eré Jàpáànù ni àwọn fi dàgbà. A kò rí ohun tí ó burú nínú pé kí ènìyàn yá ìlù, bí ijó bá ti jẹ́ tirẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ni ó jẹ́ tiwọn pátápátá: irun dídì, aṣọ, àwọ̀ ara, ilé, ọjà. Ọmọ dúdú tí ó bá wò ó yóò rí ara rẹ̀ ní àárín, kì í ṣe ní ìkángun bí ẹni tí ń gbé ẹrù fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ti wo ọ̀pọ̀ géèmù mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ó dùn wá. Èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni eré náà ń sọ. A mọ ìdí rẹ̀. Èdè ilẹ̀ Kamẹrúùnù lé ní 200. Bí Madiba bá mú ọ̀kan, ìyókù yóò bi í léèrè, ọjà kì í sì í dúró de ẹni tí ń yan èdè. A kò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n a lè sọ ohun tí ó sọnù. Faransé ní ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan fún ẹni tí a jùmọ̀ ń ṣeré, ọ̀kan fún ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ní ìwọ àti ẹ̀yin. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà nígbà tí Enzo bá bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tàbí tí ó bá bá ìránṣẹ́ sọ̀rọ̀, tàbí tí ó bá bá ẹni tí ó gba ìtẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Etí wa kò gbọ́ ìgbà tí ọ̀wọ̀ dópin. Fún ìtàn tí ó dá lórí àna tí ó da àna rẹ̀, àdánù náà kò kéré. Láfikún, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán níbi púpọ̀. Àṣìṣe ìkọ̀wé wà nínú rẹ̀, àwọn gbólóhùn mìíràn sì gùn débi pé ẹni tí ń ṣe eré a máa tẹ bọ́tìnnì kọjá kí ó tó kà wọ́n tán. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì tì wá.

Báwo ni ayé ti gba eré yìí? Wọ́n gbà á pẹ̀lú ìyìn. Ìwé ìròyìn nílé àti lókèèrè kọ̀wé nípa rẹ̀ kí ó tó jáde àti lẹ́yìn tí ó jáde. Wọ́n sọ ti ọ̀dọ́mọkùnrin Yaoundé, ti iná tí ń kú, ti owó tí a ṣà jọ. Àwọn tí ó yẹ eré náà wò yin ìjà rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ àti ìgbójúgbóyà rẹ̀, wọ́n sì ráhùn nípa ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Síbẹ̀, nígbà tí a kó ohun tí a rí kà jọ, a ṣàkíyèsí pé ìtàn bí a ti ṣe eré náà gba àyè ju ìtàn tí eré náà ń pa lọ. Ẹ rántí Ìkórè Àwọn Ọmọdé. Ọmọ kékeré kan yóò gun orí pẹpẹ lọ láti ka àkọ́sórí. Kí ó tó ya ẹnu, gbogbo ìjọ ti pàtẹ́wọ́, ìyá rẹ̀ ti ná owó mọ́ ọn níwájú orí. Inú wa dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n bi ẹni tí ó jókòó tì ọ́ léèrè ẹsẹ Bíbélì tí ọmọ náà kà.

Irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni Aurion gbà. Ó ran ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́, a kò jiyàn. Láìsí i, bóyá owó kì bá wọlé. Ṣùgbọ́n ó tún fi nǹkan kan dù ú. Ẹni tí a ń yìn nítorí pé ó lè ṣe é, a kì í sábà bá a jiyàn nípa ohun tí ó ṣe. A kò rí ẹni tí ó bi Madiba léèrè ohun tí a béèrè lókè nípa Erine. Àwọn tí ó ka Fágúnwà kò kà á láti fi ran Fágúnwà lọ́wọ́. Wọ́n kà á nítorí pé ó dùn, wọ́n ń fi ohùn ka ibi tí ó wù wọ́n jù, wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹni tí ó lágbára jù nínú àwọn ọdẹ. Ìjiyàn bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ òǹkọ̀wé. Ìyìn nìkan dà bí mímu omi láti fi pa ebi.

Àwọn ènìyàn wa náà kò jókòó lásán. Ní Èkó, Maliyo Games bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ó ń ṣe eré kéékèèké nípa ọ̀kadà àti ẹ̀fọn àti wàhálà ojoojúmọ́. Ní ọdún kan náà ni Abiola Olaniran dá Gamsole sílẹ̀. Ní Accra, Leti Arts ti ń gbé Ananse aláǹtakùn, ìbátan Ìjàpá wa, sórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a rí nínú àwọn ti Èkó jẹ́ eré tí a ń sáré nínú rẹ̀, tí a ń fò, tí a sì ń pa ẹ̀fọn. Ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì ń parí kí mọ́tò tó kún. Irú èyí tí yóò mú ènìyàn jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ̀lú ìbànújẹ́ ẹnìkan, gẹ́gẹ́ bí Aurion ti ṣe, a kò tíì rí i kí ó ti ilẹ̀ Yorùbá wá ní èdè Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní àwáwí Kamẹrúùnù. Àwọn tí ń sọ èdè wa jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye. Láti ọdún 2011 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, àwọn ọmọ tí ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà sì wà níbẹ̀ tí ìyá-ńlá wọn ń pa àlọ́ ní Ìdó àti ní Ìfàkì. Ohun tí ó jìn sí ara wọn ni àga tí àwọn kan ń jókòó sí láti kọ ètò kọ̀ǹpútà àti àpótí tí àwọn kan ń jókòó sí láti pa àlọ́.

Ní àkókò ìsinmi tí ó kọjá, a gbé eré yìí wá sí Igbólé, a sì pe àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́rin àti obìnrin méjì, láti wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà a fún wọn ní iṣẹ́ kan: kí wọ́n ro ó bí ẹni pé Enzo dúró níwájú Ngarba ní ọjọ́ ọ̀tẹ̀ náà, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i lẹ́nu. A rò pé yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbólóhùn àkọ́kọ́ pàápàá kò kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ní kí Enzo wí pé, “Ngarba, kí ni o ṣe yìí?” Èkejì fo sókè pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, àna rẹ̀ ni, “Kí ni ẹ ṣe yìí?” ni yóò wí, bí idà tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹni tí ó gba ilé baba ẹni kò ní ẹ̀yin mọ́ nínú ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan ní kí wọ́n fara balẹ̀, nítorí ó rò pé ẹ̀yin ni yóò dùn ún jù, pé bí òun bá jẹ́ Ngarba, ìwọ ni òun ìbá fẹ́ gbọ́ kí ọkàn òun lè fúyẹ́. Ọmọbìnrin kejì béèrè ẹni tí yóò wá sọ ti Erine, nítorí pé òun náà wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tíì fún un ní ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n pín sí ìhà mẹ́ta. A jókòó, a ń gbọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí ó rántí kọ̀ǹpútà mọ́ títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀, tí ojú ẹ̀rọ sì ṣókùnkùn, tí wọ́n ṣì ń bá àríyànjiyàn náà lọ nínú òkùnkùn.